Ogun Àgbọ́tẹ́lẹ̀ Lójú Òkun Tútù

Àwọn àgbà a máa wí pé ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tí ó bá gbọ́n. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ òwe yìí, mo sì ti fi kọ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ ní ilé-ìwé. Ṣùgbọ́n bí ọjọ́ ti ń gorí ọjọ́ ni mo ń rí i pé ìbéèrè kan fara pamọ́ sínú rẹ̀ tí a kì í sábà bèèrè. Nígbà tí arọ bá gbọ́ pé ogun ń bọ̀, ta ni yóò gbé e? Bí kò bá sí ẹni tí yóò gbé e, kí ni ọgbọ́n rẹ̀ yóò ṣe fún un? Ìbéèrè yìí ni mo fẹ́ kí a jọ gbé yẹ̀ wò, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́. N kò ní mú àpẹẹrẹ rẹ̀ láti oko tàbí láti ojú ogun, bí kò ṣe láti etíkun ilẹ̀ Bìrìtéènì, níbi tí omi òkun ti tutù púpọ̀, tí ìjì sì ti sọ ọ̀pọ̀lọpọ̀ obìnrin di opó.

Kí a tó lọ jìnnà, ó yẹ kí a mọ irú òkun tí à ń sọ. Ẹni tí ó dàgbà sí Èkó tàbí sí ilẹ̀ Ìlàjẹ mọ òkun tí omi rẹ̀ lọ́ wọ́ọ́wọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún dé òpin rẹ̀. Òkun tiwa lè fi ìgbì gbá ènìyàn mọ́lẹ̀, ó sì lè fà á lọ sí agbami, ṣùgbọ́n kì í fi òtútù pa á. Nítorí náà ni ọ̀pọ̀ nínú wa fi rò pé ẹni tí ó bá ti mọ̀ ọ́n wẹ̀ ti bọ́ lọ́wọ́ ikú omi. Irọ́ gbáà ni èyí lójú òkun tútù. Ní ìgbà òtútù, omi òkun tí ó yí Bìrìtéènì ká kì í sábà ju dígíríì 6 sí 10 lọ. Ní ọ̀pọ̀ oṣù mìíràn pàápàá kì í tó 15. Irú omi bẹ́ẹ̀ a máa fa ooru jáde lára ènìyàn ní ìlọ́po bí 25 ju bí afẹ́fẹ́ tí òtútù rẹ̀ bá ti omi náà dọ́gba ti lè fà á lọ.

Ẹni tí ó bá já sínú omi náà lójijì yóò mí kanlẹ̀ láìfẹ́. Kì í ṣe ohun tí ó lè dá dúró, nítorí pé ara ni ó ń ṣe é fúnra rẹ̀. Bí orí rẹ̀ bá wà nísàlẹ̀ omi ní àkókò náà, omi ni yóò mí sínú ẹ̀dọ̀fóró. Àyà rẹ̀ yóò máa lù kì-kì-kì, ẹ̀rù yóò sì bò ó. Àwọn tí ń kọ́ni ní ọ̀nà ààbò lójú omi ti kó gbogbo ọ̀rọ̀ náà sínú iye mẹ́ta tí ó rọrùn láti rántí: 1, 10, 1. Ìṣẹ́jú 1 ni a fi ń gba èémí padà sí ìkáwọ́ ẹni. Ìṣẹ́jú bí 10 ni ọwọ́ àti ẹsẹ̀ fi lè jẹ́ iṣẹ́ tí a bá rán wọn. Wákàtí bí 1 ni yóò sì kọjá kí òtútù tó mú kí ènìyàn dákú. Ẹ kíyè sí èyí tí ó wà láàrin dáadáa. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ìka ọwọ́ apẹja tí ó ti ń ta kókó okùn láti ìgbà èwe rẹ̀ kò ní lè ta kókó kan ṣoṣo mọ́. Ògbóǹtagí òmùwẹ̀ yóò máa rì, kì í ṣe nítorí pé ó gbàgbé bí a ti ń wẹ̀, ṣùgbọ́n nítorí pé apá rẹ̀ kò gbọ́ tirẹ̀ mọ́. Ìdí nìyí tí àwọn tí ó mọ̀ fi ń kìlọ̀ pé bí ènìyàn bá já sínú omi tútù, kí ó má ṣe bẹ̀rẹ̀ sí wẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Kí ó fẹ̀yìn lélẹ̀ lórí omi, kí ó gbé ojú sókè, kí ó léfòó títí èémí rẹ̀ yóò fi rọlẹ̀. Ìdí nìyí pẹ̀lú tí ẹ̀wù ìléfòó kì í fi í ṣe ohun tí à ń tọ́jú pamọ́ sí abẹ́ ìjókòó ọkọ̀ de ọjọ́ ìpọ́njú. Ọjọ́ ìpọ́njú kì í fún ni láyè láti wọ̀ ọ́.

Ẹ jẹ́ kí n fi ẹ̀rí kan tì í lẹ́yìn. Ní ọjọ́ 9 oṣù Kejì ọdún 1861, ìjì fọ́ ọkọ̀ púpọ̀ ní ẹ̀bá Whitby, ìlú kan ní etíkun ìlà-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn ọkùnrin 13 kan ń fi ọkọ̀ agbẹ̀mílà jáde lemọ́lemọ́ lọ́jọ́ náà láti yọ àwọn tí ó wà nínú ewu. Níkẹyìn, ìgbì dojú ọkọ̀ tiwọn náà dé. Àwọn 12 kú. Ẹnì kan ṣoṣo tí ó yè, Henry Freeman, ni ó wọ ẹ̀wù ìléfòó irú èyí tuntun tí a fi kọ́ọ̀kì ṣe, ohun fúyẹ́fúyẹ́ yẹn tí a fi ń dé ìgò. Kò sí àríyànjiyàn tí ó lè borí èyí.

Ṣùgbọ́n ohun tí ó sàn ju ẹ̀wù ìléfòó lọ ni kí ènìyàn má tilẹ̀ sí lójú òkun nígbà tí ìjì bá dé, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ ìkìlọ̀ ti wọlé. Ní òru ọjọ́ 25 mọ́jú ọjọ́ 26 oṣù Kẹwàá ọdún 1859, ọkọ̀ ńlá kan tí ń jẹ́ Royal Charter ń bọ̀ láti Melbourne ní ilẹ̀ Ọsirélíà, Liverpool ni ó sì ń lọ. Wúrà wà nínú rẹ̀ lọ́pọ̀lọpọ̀, àwọn èrò tí wọ́n ti lọ wa wúrà sì ń padà sílé. Ó ku díẹ̀ kí wọ́n gúnlẹ̀ ni ìjì gbé ọkọ̀ náà lu àpáta ní ẹ̀bá Moelfre, ní erékùṣù Anglesey. Ènìyàn bí 450 ni ó kú níbi tí wọ́n ti ń wo ilẹ̀ lójú kòrókòró. Ọkọ̀ 133 ni ìjì yìí rì yí Bìrìtéènì ká, ẹ̀mí bí 800 ni ó sì bá a lọ. Àwọn àgbà wa tí wọ́n wọ ọkọ̀ Aureol láti Èkó lọ kàwé ní àwọn ọdún 1950 àti 1960 gba ẹ̀bá Anglesey yìí kan náà kọjá kí wọ́n tó gúnlẹ̀ sí Liverpool. Bóyá ni ọ̀pọ̀ nínú wọn mọ ohun tí omi náà ti gbé mì.

Ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi kan wà nígbà náà tí ń jẹ́ Robert FitzRoy. Òun ni ó tukọ̀ Beagle yí ayé ká láti 1831 dé 1836, nígbà tí Charles Darwin wà nínú rẹ̀. Láti ọdún 1854 ni ìjọba ti fi í ṣe olórí ọ́fíìsì tí ń kó ìròyìn ojú-ọjọ́ jọ. Ó mọ bàrómítà dunjú, ìyẹn ẹ̀rọ tí ń fi ìwúwo afẹ́fẹ́ hàn: bí ó bá ń lọ sílẹ̀ kíákíá, ìjì kò jìnnà. Wáyà sì ti wà ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà. Ohun tí FitzRoy rí, tí àwọn ẹlòmíràn kò kà sí, ni pé bí ó ti wù kí ìjì yára tó, kò lè sáré tó wáyà. Bí ìjì bá ti ń jà ní èbúté kan, èbúté kejì lè gbọ́ kí ìjì tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Ní oṣù Kejì ọdún 1861, oṣù kan náà tí àwọn ará Whitby kú, ni ó bẹ̀rẹ̀ sí fi ìkìlọ̀ ránṣẹ́. Bí wáyà bá dé, àwọn tí ń ṣọ́ èbúté yóò fa àmì dúdú kan sókè lórí òpó, ó rí ṣóńṣó bí òkòtó. Bí ẹnu ṣóńṣó rẹ̀ bá kọjú sí òkè, láti àríwá ni ìjì yóò ti wá. Bí ó bá kọjú sí ìsàlẹ̀, láti gúúsù ni. Apẹja tí kò mọ̀wé rárá lè rí i láti òkèèrè, yóò sì mọ ohun tí yóò ṣe. Mo fẹ́ràn ọgbọ́n yìí púpọ̀. Ìkìlọ̀ tí àwọn ọ̀mọ̀wé nìkan lè kà kì í ṣe ìkìlọ̀ fún apẹja.

Ẹ má ṣe rò pé gbogbo ènìyàn ni ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ìjì tí ó sọ kò bá dé, wọn a fi í ṣe yẹ̀yẹ́; bí èyí tí kò sọ bá dé, wọn a bú u. Àwọn kan tí wọ́n ní ọkọ̀ ń kùn pé àmì rẹ̀ ń dá ọkọ̀ wọn dúró ní èbúté, tí owó sì ń bọ́ lọ́wọ́ wọn. Ọkùnrin náà ná owó ara rẹ̀ tán lórí iṣẹ́ ìlú. Àárẹ̀ ara àti ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn sì wọ̀ ọ́ lọ́rùn, títí ó fi gba ẹ̀mí ara rẹ̀ ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹrin ọdún 1865. Nígbà tí ó di òpin ọdún 1866, àwọn ọ̀mọ̀wé kan tí ìjọba yàn láti yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò dá ìkìlọ̀ náà dúró, wọ́n ní ìmọ̀ tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ kò tíì fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ta ni ẹ rò pé ó pariwo? Àwọn ará ojú omi ni. Wọ́n ké títí ìjọba fi dá a padà ní 1867. Àwọn tí ikú ń bá wí mọ iyì àmì náà ju àwọn tí ń wò ó láti inú ìwé lọ.

Lónìí, orí rédíò ni ìkìlọ̀ náà ń gbà, ó sì ń gba àwọn ẹ̀rọ mìíràn pẹ̀lú. Wọ́n pín òkun tí ó yí Bìrìtéènì ká sí ọ̀nà 31, olúkúlùkù ni ó sì ní orúkọ tirẹ̀. Èmi tí í ṣe olùkọ́ èdè, ohun kan wà nínú rẹ̀ tí ó wù mí ju gbogbo rẹ̀ lọ. Nígbà tí àwa bá sọ pé nǹkan yóò ṣẹlẹ̀ láìpẹ́, ó lè jẹ́ ọ̀la, ó lè jẹ́ ọdún tí ń bọ̀. Àlejò tí ó ní òun ń bọ̀ láìpẹ́ lè bá ọbẹ̀ tí ó ti kan. Nínú ìkìlọ̀ ìjì, ọ̀rọ̀ kò gbọdọ̀ rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni wọ́n ń lò. Bí wọ́n bá sọ ohun tí a lè pè ní “ó dé tán”, wákàtí 6 kò ní pé kí ìjì tó dé. Bí wọ́n bá ní “láìpẹ́”, láàrin wákàtí 6 sí 12 ni. Bí wọ́n bá ní “tó bá yá”, láàrin wákàtí 12 sí 24 ni. Ẹni tí ó gbọ́ lè ṣírò bóyá yóò dé ilé tàbí kò ní dé. Àwọn bàbá wa pe rédíò ní asọ̀rọ̀mágbèsì, orúkọ náà sì bá a mu. Nígbà tí kò ti lè gba èsì lẹ́nu ẹni, tí ẹni tí ó gbọ́ kò sì lè bi í léèrè ohun tí ó ní lọ́kàn, ó di dandan kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ dá ṣáká. Láti ọdún 2015 ni wọ́n ti ń fún àwọn ìjì ńláńlá lórúkọ bí ẹni ń sọ ọmọ. Àwọn kan ń rẹ́rìn-ín sí i, ṣùgbọ́n èmi kò rí ohun tí ó burú níbẹ̀. Ohun tí ó bá ti lórúkọ ni à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ láàrin ọjà.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí n padà sí ọ̀rọ̀ arọ wa.

Eyemouth jẹ́ ìlú apẹja ní etíkun ìlà-oòrùn Skọ́tíláǹdì. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1881, bàrómítà wà ní èbúté wọn fún gbogbo ènìyàn láti wò. Ojú-ọjọ́ kò dára ní ọ̀sẹ̀ náà, ọkọ̀ kò sì lè jáde. Àwọn obìnrin ti fi ẹran inú ìkarahun òkun kọ́ ìwọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ìjẹ náà kò sì ní pẹ́ bàjẹ́. Owó ti ń tán nílé. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ ní ọjọ́ 14, oòrùn yọ, afẹ́fẹ́ dákẹ́, òkun sì tẹ́jú. Ọjọ́ Ẹtì ni, orúkọ náà sì bá a mu. Bàrómítà ní tirẹ̀ ti lọ sílẹ̀ gidigidi. Wọ́n wò ó. Kò sí ẹni tí ó lè sọ pé òun kò rí i, nítorí pé ojúlówó atukọ̀ ni wọ́n, ọmọ atukọ̀, ọmọ-ọmọ atukọ̀. Síbẹ̀ ọkọ̀ jáde. Bí ọkọ̀ kan bá sì ti jáde, ó ṣòro fún èkejì láti dúró. Bí aládùúgbò rẹ bá padà dé pẹ̀lú ẹja, kí ni ìwọ yóò wí fún ìyàwó rẹ?

Nígbà tí ó di ọ̀sán, ojú ọ̀run ṣú dùdù, ìjì sì bẹ́ lù wọ́n. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ yí padà sí ilé. Ẹnu ọ̀nà èbúté Eyemouth ṣe tóóró, àpáta sì wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Hurkar. Níbẹ̀ ni òmíràn nínú àwọn ọkọ̀ náà ti fọ́ túútúú, lójú àwọn ìyàwó àti àwọn ọmọ tí wọ́n dúró sí etí omi tí wọn kò sì lè ṣe nǹkan kan. Apẹja 189 ni ó kú ní etíkun náà lọ́jọ́ yẹn. 129 nínú wọn jẹ́ ará Eyemouth nìkan. Àwọn kan tí wọ́n mú ọkọ̀ wọn dúró sí agbami, tí wọn kò sá wá sí ilẹ̀, là á já. Èyí pàápàá tọ́ kí a mọ̀: nígbà tí ìjì bá ń jà, etí ilẹ̀ ni ó ń fọ́ ọkọ̀ jù lọ.

Ọ̀pọ̀ ìwé ni ó sọ ìtàn yìí bí ẹni ń sọ ìtàn olóríkunkun tí ó kọ etí dídi sí ìkìlọ̀. N kò gbà bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn ikú wọn, àwọn ènìyàn rere láti ìhín àti láti ọ̀hún dá owó jọ fún àwọn opó àti àwọn ọmọ òrukàn, owó náà sì lé ní £50,000. Owó ńlá gbáà ni lásìkò náà. Mo yin àwọn tí ó dá a, ṣùgbọ́n ẹ wò ó bí èmi ti ń wò ó. Ká ní ìdá díẹ̀ nínú owó náà ti wà nílẹ̀ ní ọjọ́ 13, tí a sì lè sọ fún àwọn ọkùnrin náà pé, “Ẹ dúró sílé lọ́la, oúnjẹ àwọn ọmọ yín wà níhìn-ín,” mélòó nínú wọn ni ì bá wọ ọkọ̀? Bàrómítà sọ òtítọ́, ṣùgbọ́n kò gbé oúnjẹ wá. Ẹni tí ó kìlọ̀ fún tálákà kí ó má lọ sí ibi iṣẹ́, tí kò sì bi í léèrè ohun tí yóò jẹ, ti ṣe ìdajì iṣẹ́ rẹ̀ ni. Ní tèmi, iṣẹ́ ìjọba àti ti ẹgbẹ́ àwọn apẹja ni láti ní owó kan nílẹ̀ fún ọjọ́ tí ìkìlọ̀ bá jáde, kí ó má baà jẹ́ pé olówó nìkan ni yóò lè gbọ́ràn.

Ẹnì kan lè dá mi lóhùn pé bí a bá ń fi owó ran àwọn tí ó dúró sílé, ọ̀lẹ yóò máa gbàdúrà kí ìjì dé. Ó ṣeé ṣe. Ọ̀lẹ kò tán láyé rí. Ṣùgbọ́n n kò tíì rí ìlú kan tí ọ̀lẹ mẹ́wàá fi owó díẹ̀ parun, mo sì ti sọ fún yín ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí Eyemouth ní ọjọ́ kan ṣoṣo. Ẹlòmíràn a sì wí pé àwọn tí kò sí ebi nínú ilé wọn pàápàá ń kú sínú ìjì. Òtítọ́ ni. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1979, ọkọ̀ ìgbòkun 303 sá eré ìje láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ sí àpáta Fastnet ní ẹ̀bá Ireland. Àsọtẹ́lẹ̀ tí wọ́n gbọ́ nígbà tí wọ́n ń gbéra kò sọ̀rọ̀ irú ìjì tí ó wá bá wọn, 15 nínú àwọn tí ń sá eré náà ni ó sì kú. Ìjì mú kí àwọn kan sá jáde kúrò nínú ọkọ̀ 24; nígbà tí ó rọlẹ̀, 5 péré nínú ọkọ̀ wọ̀nyẹn ni ó rì, àwọn 19 yòókù ṣì léfòó sórí omi, òfìfo. Ìkìlọ̀ lè pẹ́, ó sì lè ṣì, nítorí náà kò yẹ kí ẹni tí ń lọ sójú omi tútù gbára lé e nìkan: kí ó wọ ẹ̀wù ìléfòó rẹ̀ kí ó tó wọ ọkọ̀, kí ó sọ fún ẹnì kan nílé wákàtí tí yóò padà, kí ó má sì sá kúrò nínú ọkọ̀ tí ó ṣì lè gbé e. Ṣùgbọ́n ti pé ìkìlọ̀ lè ṣì kò sọ ìkìlọ̀ di asán, kò sì gba ẹrù oúnjẹ kúrò lọ́rùn àwọn tí ń kìlọ̀.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ ka ìtàn Eyemouth sí etígbọ̀ọ́ àwọn ọmọ kíláàsì mi, ọmọkùnrin kan dìde ní ẹ̀yìn. Ó ní, “Ọ̀gá, bí ó bá jẹ́ ẹ̀yin ni apẹja níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, tí ẹ sì ti wo bàrómítà, ṣé ẹ ó dúró sílé?” Gbogbo kíláàsì dákẹ́. Wọ́n mọ̀ mí sí ẹni tí ń kìlọ̀ púpọ̀, wọ́n sì rò pé èsì ti wà lẹ́nu mi. Mo bi í pé ọmọ mélòó ni mo bí, àti pé kí ni ó kù nínú ìkòkò nílé.